Fádà Borghero dé Èkó, ó bá àdúrà nílẹ̀

Ẹ bi àwa tí à ń lọ sí Ìjọ Àgùdà léèrè ẹni tó mú ẹ̀sìn náà dé Èkó, orúkọ òyìnbó ni púpọ̀ nínú wa yóò dá: Francesco Borghero, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí ní 1830. Èmi kò ní gba iyì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà rin ìrìn. Àmọ́ kó tó dé, àwọn kan ti ń kí Màríà ní Èkó.

Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ fádà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí a mọ̀ sí SMA (Society of African Missions) sílẹ̀ níbẹ̀, torí ilẹ̀ Áfíríkà. Òun fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Freetown, ní Sierra Leone, ní oṣù Karùn-ún 1859. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ibà pọ́njú ti pa á, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò tún di ẹrù? Borghero di tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló wọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kìíní 1861; ọ̀kan kú sí Freetown lójú ọ̀nà. Borghero àti Francisco Fernandez, ará Sípéènì, ló kù tó dé Ouidah, ìlú etí òkun ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, ní oṣù Kẹrin.

Inú odi àtijọ́ tí àwọn Potogí kọ́ ni wọ́n dé sí. Abẹ́ Ọba Glele ti Dàhòmì ni Ouidah wà nígbà náà. Nígbà tí Borghero fẹ́ lọ kí Ọba ní Abomey, olú ìlú Dàhòmì, ó ní kí wọ́n kó ère òrìṣà kúrò lójú ọ̀nà tí òun yóò gbà, kí wọ́n má sì fi ènìyàn rúbọ lójú òun. Àlejò tó ń ṣòfin fún onílé! Glele gbà fún un. Aṣọ pẹpẹ ni fádà fi wọ ààfin.

Àrá ni kò gbà fún un. Ní 1863, ó sán lu ilé ìjọsìn rẹ̀ nínú odi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣe oníṢàngó, ẹ ti mọ ohun tó kàn: ilé tí àrá bá jà, onílé ti ṣẹ òrìṣà nìyẹn, yóò sì san ìtánràn. Hevioso ni àwọn Fọ̀n, ará Dàhòmì, ń pe òrìṣà àrá tiwọn. Àwọn àwòrò rẹ̀ dé, wọ́n ní kí fádà sanwó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé. (Èmi ì bá ti sanwó.)

Ọdún yẹn náà ló wá sí Èkó, tó ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861. Àwọn tó bá níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ bíi da Silva àti Pereira. Àgùdà ni à ń pè wọ́n, Pópó Àgùdà sì ni àdúgbò wọn. Ẹni tó ń ṣáájú wọn ni Padre Antonio. Kì í ṣe fádà o, àwọn èèyàn ló fi oyè yẹn dá a lọ́lá. Ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀, Bahia ní Bràsíìlì ló sì ti kọ́ ẹ̀sìn. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, yóò kó wọn jọ síbẹ̀. Bí wọ́n bímọ, òun ni yóò da omi sí ọmọ lórí. Bí ẹnìkan kú, òun ni yóò gbàdúrà sí i. Kò dán Mísà wò, torí ó mọ ibi tí agbára òun mọ.

Borghero dé Abẹ́òkúta ní 1864, ọdún tí ọmọ ogun Glele wá jà níbẹ̀ tí Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1865 ó wọkọ̀ lọ sílé, kò sì padà wá mọ́. Ọdún 1868 ni fádà tó wá jókòó sí Èkó tó dé, Pierre Bouche, Padre Antonio sì fa agbo lé e lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn fádà ti lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1880, kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn.

Faransé ló pọ̀ jù nínú àwọn fádà wọ̀nyẹn, kò sì sẹ́ni tó pe ìjọ náà ní Ìjọ Faransé. Ìyá ìyá mi kò kọjá Ìbàdàn títí ó fi kú, kò sì mọ ibi tí Bahia wà. Àgùdà ló ń pe ara rẹ̀.