Tẹ́yin méjèèjì bá fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gun ìgbì òkun

Àwọn tọkọtaya tí mo máa ń bá ṣètò ìrìnàjò lọ sétíkun tí wọ́n ti ń ṣe sọ́fíìnì, ìyẹn eré fífi pátákó gun ìgbì òkun, òtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa jù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí. Èmi a ní ẹ jẹ́ ká wo òkun fúnra ẹ̀ ná, torí ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní, òkun ò sì ní dúró de aago tẹ́yin bá dá.

Ìgbì tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, ìjì tó jà láàrin agbami ló rán an wá, ìdí nìyẹn tí etíkun kan náà fi lè le koko lásìkò kan kó sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lásìkò míì. Tó bá jẹ́ akọ́bẹ̀rẹ̀ ni yín, àsìkò tí ìgbì ò ga ju ìbàdí lọ ni kẹ́ ẹ wá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá sọ́fíìnì ò ní yin àsìkò yẹn fún yín. Òkun náà ń kún, ó ń fà, ibi tó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ó sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, tó bá dáa láago 7 lónìí, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí aago 8 lọ́la. Láàárọ̀ kùtù ni atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀ tójú omi á dán bíi díńgí, tí oòrùn bá wá mú, ilẹ̀ á yára gbóná ju omi lọ, á fa atẹ́gùn òkun wọlé, ìgbì á sì dàrú. Àárọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ jí síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́, ẹ má sún un di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ò gùn: èyí tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé etí omi ni.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí o. Tí ọ̀kan nínú yín bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọ́ ẹnìkejì ẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó dúró nínú omi tó dé ìbàdí, iyọ̀ ti kún ojú ẹ̀, ọkọ wà lẹ́yìn tó ń pariwo "dìde! dìde!", ìgbì gbé pátákó lọ, tó bá fi máa dalẹ́ wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ mọ́. Ẹ sanwó tíṣà, kẹ́ ẹ jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ jọ ṣubú. Kí wọ́n fún yín ní pátákó onífóòmù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9, kékeré tó rẹwà yẹn ò ní gbé yín dúró.

Kẹ́ ẹ tó wọ omi, ẹ bi tíṣà pé ibo lomi ti ń fà padà sínú agbami. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bíi pé ó rọlẹ̀, tí ìgbì kì í fọ́, táwọn àlejò á sì máa sá lọ síbẹ̀. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jìjàkadì, ẹ léfòó, ẹ nawọ́ sókè, tẹ́ ẹ bá lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó kọrí sí yanrìn. Òrùka ìgbéyàwó náà, inú yàrá ni kó wà, omi tútù máa ń mú kí ìka fún, ẹ ò ní mọ ìgbà tó bọ́.

Tí ọ̀kan ò bá sì fẹ́ wọ omi rárá, ẹ má fipá mú un, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ bàtà fún wákàtí mẹ́ta. Kẹ́ni tó ń gun ìgbì lọ ní ìdájí nígbà tẹ́nìkejì ṣì ń sùn, kó sì ti dé kó tó di aago 10. Ọ̀sán tó kù, ẹ má kọ nǹkankan síbẹ̀.