Kòkòrò Aká-ewé: Ta Ló Ká Ewé Ilá Yín?

Bí ẹ bá gbin ilá sínú àpò tàbí ike lẹ́yìnkùlé, ní Súrùlérè o, ní Múṣín o, ẹ ó ti rí i: ewé tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ á ká jọ bí ẹní. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní oòrùn ni, wọ́n á tún bu omi sí i. Kì í ṣe oòrùn. Nǹkan kan ló ká a, ó sì ń gbé inú rẹ̀.

Kòkòrò aká-ewé ni ìdin tí àwọn àfòpiná kan ń bí, tó ń fi òwú ẹnu rẹ̀ di ewé pọ̀, tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Haritalodes derogata lèyí tó ń yọ ilá lẹ́nu. Ó ń jẹ ewé igi òwú náà, torí ẹbí kan náà ni igi òwú àti ilá. Àfòpiná fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewé. Ó kàn ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ rọra tú ewé kan wò. Òwú funfun tín-ín-rín lẹ máa kọ́kọ́ rí, tó so etí ewé mọ́ra, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ dúdú wóróworó, kí ẹ tó wá kan ìdin náà: àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ mọ́ gaara, orí rẹ̀ dúdú. Bí ẹ bá tọ́ ọ, á fẹ̀yìn rìn wéréwéré.

Ilé yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oògùn. Ẹ̀yìn ewé ni oògùn tí ẹ fín máa ń gbẹ sí. Ìdin wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọn agbón kéékèèké tó ń yé ẹyin sí ìdin náà lára, tó ń bá wa pa á, ló máa kú. Ẹ̀yin tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: tẹ̀tẹ̀ tí ẹ máa já lọ́la, ẹ má fín oògùn sí i lónìí. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ẹ́. (Tẹ̀tẹ̀ náà ní àfòpiná tirẹ̀, Spoladea recurvalis, dúdú rúsúrúsú tó ní ilà funfun lórí ìyẹ́.)

Ọwọ́ ló dára jù fún ọgbà kékeré. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò láàárọ̀, ẹ já èyí tó ti ká, ẹ sọ ọ́ sínú omi ọṣẹ. Ẹ má dà á sílẹ̀ lásán, inú ewé kíká yẹn náà ló ti ń di àfòpiná. Bí wọ́n bá pọ̀, oògùn Bacillus thuringiensis wà, èyí tí wọ́n fi bakitéríà ṣe, àmọ́ ìdin gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó pa á. Nítorí náà, ẹ fín in nígbà tí wọ́n ṣì kéré, tí ewé kò tíì ká.