Wọ́n ní ẹja kì í gbé inú òtútù

Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde ní Ẹbúté Ìpákòdó, n'Ìkòròdú, ó sì máa ń bí mi nínú. Lọ́tẹ̀ yìí, fídíò ọmọ àdúgbò wa kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Oṣù January ni, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó gbé ẹja salmon dání. Kíá làwọn èèyàn ní irọ́ ni, pé ẹja kankan ò lè gbé inú omi tó tutù tó yẹn, pé inú kòtò ọ̀sìn ẹja ló ti lọ rà á.

Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀rí. Panla gbígbẹ tó ń ti Lofoten ní Nọ́wè wá, láàárín January sí April ni wọ́n ń pa ẹja rẹ̀, wọ́n á sì so ó kọ́ síta kí òtútù àti atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Gbogbo wa la ti ń jẹ ẹja inú òtútù tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ara tiwa la fi ń wọn ara ẹja. Àwa gbọ́dọ̀ gbóná ká tó lè wà láàyè. Salmon ò ní ooru kankan tó ń pa mọ́: bí omi bá wà ní 8°C, ibẹ̀ náà ni ara rẹ̀ wà. Ọ́síjìn ni ẹja ń wá, omi tútù ló sì ń gbà á dúró. Omi tí kò níyọ̀, tó wà ní 0°C, lè mú nǹkan bíi mílígíráàmù 14 dání nínú lítà kan. Bó bá di 30°C, kò ju nǹkan bíi 7 àtààbọ̀ lọ.

Mo ti fojú mi rí i. Ìyá kan gbé ẹpìyà sínú bàsíà létí ọ̀sà. Nígbà tóòrùn mú, gbogbo wọn gbórí sókè, wọ́n ń lanu, wọ́n ń pa á dé. Mo rò pé ebi ni. Ìyá náà rọ omi tútù sí i látinú kẹ́ẹ̀gì tó wà níbòòji, wọ́n bá rì padà sísàlẹ̀. Òótọ́ ni pé rírọ tó rọ ọ́ náà kó afẹ́fẹ́ wọlé, àmọ́ tútù omi náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Òkun ọ̀hún kì í sì í tètè di yìnyín, torí iyọ̀ inú rẹ̀ ò jẹ́ kó dì títí á fi tó nǹkan bíi -1.8°C. Ní Puget Sound, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ Washington, tí ọmọ yẹn ti ń pẹja, àwọn salmon Chinook tí ò tíì dàgbà tán wà níbẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù, wọ́n ń jẹ herring, ìyẹn ẹbí ṣàwá. Òun náà làwọn apẹja fi ń ṣe ìjẹ.

Mi ò sọ pé òtútù ò ṣe ẹja ní nǹkan kan o. Oúnjẹ kì í tètè dà níkùn wọn, wọn kì í sì í sáré jẹun bíi tìgbà ooru. Ẹpìyà tiwa gan-an máa ń kú bí omi bá bọ́ sí nǹkan bíi 10°C. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun làwọn tó ń jiyàn ní lọ́kàn, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọn ò jẹ̀bi tán.

Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá já sínú irú omi yẹn, láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni èémí rẹ̀ á máa já lura. Kó tó tó ìṣẹ́jú 15, ìka rẹ̀ lè má lè di okùn mú mọ́. Nínú fídíò yẹn, abẹ́ ìjókòó ni láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó máa wọ̀ ọ́ kó tó tukọ̀ kúrò létí omi.