Dybbuk ò gbé inú àpótí rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára láti ìgbà tí mo ti wo The Possession, fíìmù adẹ́rùbani tó jáde ní 2012 yẹn. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, ẹlòmíì á ní "ìtàn òótọ́ mà ni o, àwọn Júù ní àpótí tí wọ́n fi máa ń ti ẹ̀mí burúkú mọ́lé látayébáyé, dybbuk box lorúkọ ẹ̀". Irọ́ ni. Dybbuk, ìyẹn ẹ̀mí òkú tó ń wọ inú alààyè, wà nínú ìtàn àwọn Júù lóòótọ́, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ àpótí yẹn ò sí níbẹ̀.

Ọdún 2003 ni àpótí dé, orí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló sì gbà dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kevin Mannis, ará Portland ní Oregon, ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan tí wọ́n ń kó wáìnì sí síbẹ̀ pé òun fẹ́ tà á. Kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù lásán, ta ló máa sáré rà á? Ló bá kọ ìtàn gígùn mọ́ ọn, pé ìyá àgbà Júù kan tó móríbọ́ nínú ìpakúpa Hitler ló ni ín, pé ìyá náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, pé irun orí èèyàn, kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì, ife wáìnì àti òdòdó gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀, àti pé ọjọ́ tóun gbé e fún ìyá òun gan-an ni rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá òun. Ẹni tó rà á tún tà á, títí ó fi dọ́wọ́ Jason Haxton, olórí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Missouri, òun kọ odindi ìwé nípa ẹ̀, Hollywood náà gbọ́, wọ́n bá ní ìtàn òótọ́ ni fíìmù àwọn. Ní 2021 ni Mannis fẹnu ara ẹ̀ sọ fún oníròyìn pé òun lòun hun ìtàn yẹn látòkè délẹ̀.

Kí wá ni dybbuk gan-an? Látinú èdè Hébérù ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ó jẹ mọ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ẹ̀mí òkú ni. Èèyàn tó ti gbé ayé rí, tó dẹ́ṣẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀, tí ò rí ibi sinmi, tó wá sá sínú ara alààyè. Ìtàn wọn pọ̀ gan-an láti nǹkan bí 1500 ó lé, pàápàá ní ìlú Safed ní Gálílì, níbi tí Isaac Luria, tó kú ní 1572, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ nípa bí ẹ̀mí ṣe ń padà wáyé. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e jáde, rábì, ìyẹn olórí ẹ̀sìn àwọn Júù, á kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fọn ìwo àgbò, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà ni kí rábì bi í pé kí lorúkọ ẹ, kí lo ṣe, kí lò ń fẹ́, torí wọ́n fẹ́ kí òkú náà rí ìsinmi ẹ̀. Wọ́n á ní kó gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù jáde, kó má bàa ṣe ẹni tó wà lára ẹ̀ léṣe.

Fíìmù yẹn ò fẹ́ gbogbo ìyẹn. Abyzou ni wọ́n fi sínú àpótí, orúkọ ẹ̀mí àìmọ́ tí àwọn ará àtijọ́ ń bẹ̀rù pé ó ń pa ọmọ àti oyún, tí kò fìgbà kankan jẹ́ èèyàn rí. Ẹni tó bá mọ̀ pé àkúdàáyà yàtọ̀ sí ànjọ̀nú á mọ̀ pé àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ìyókù, ohun tí fíìmù The Exorcist ti ṣe láti 1973 ni, ọmọ obìnrin tí ohùn ẹ̀ yí padà, òbí tó ti kọra sílẹ̀, dókítà tí ò rí nǹkan ṣe, àdúrà tí wọ́n ń pariwo, wọ́n kàn mú fádà kúrò wọ́n fi rábì sí i. Natasha Calis, ọmọ tó ṣe é, gbìyànjú gan-an o, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn gidi wà nílẹ̀. S. Ansky, òǹkọ̀wé Júù kan, rìn káàkiri àwọn ìlú kéékèèké Júù ní Volhynia àti Podolia, níbi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti di Ukraine lónìí, láti 1912 sí 1914, ó ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ó wá kọ eré The Dybbuk, tí wọ́n ṣe ní Warsaw ní 1920 lẹ́yìn tóun fúnra ẹ̀ ti kú. Bàbá méjì ti búra pé àwọn ọmọ àwọn máa fẹ́ra, ọ̀kan kú, èkejì lọ fi ọmọ ẹ̀ fún olówó, ọ̀dọ́kùnrin tálákà tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ìyẹn ọmọ bàbá tó ti kú, ṣubú ó kú, ó sì wọ inú ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín, àánú á tún ṣe yín. Wọ́n ṣe é ní fíìmù ní Póláńdì ní 1937, lédè Yiddish tí àwọn Júù ibẹ̀ ń sọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pa àwọn Júù tó ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípakúpa. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé irú ìyá àgbà tó móríbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi polówó kọ́bọ́ọ̀dù.