Bí wọ́n ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ láàbù kí kẹ́míkà má baà ṣe é ní jàǹbá

Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tuntun ní láàbù ṣí ìgò kankan, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ara ìgò. Kẹ́míkà tó lè fọ́ni lójú àti èyí tí kò lè pa eṣinṣin lè jọ omi bákan náà, kó sì jẹ́ pé lébẹ́ẹ̀lì nìkan ni èèyàn fi lè dá wọn mọ̀. Nígbà kan, olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ló ní àmì tirẹ̀, débi pé ohun tí wọ́n kọ májèlé sí lára níhìn-ín lè máà rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ètò àmì kẹ́míkà kan náà fún gbogbo ayé, tí wọ́n ń pè ní GHS, jáde. Àmì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń lò báyìí: àwòrán dúdú lórí funfun, nínú ohun onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró, tí etí rẹ̀ pupa.

Iná, agbárí, bọ́ǹbù tó ń bú, ọwọ́ tí nǹkan ń kán sí tó sì ń jẹ ẹ́: ìwọ̀nyí kò ṣòro. Èyí tó yẹ kí olùkọ́ dúró lé lórí ni àwòrán àyà àti orí èèyàn tí nǹkan bí ìràwọ̀ fọ́n ká sí láyà. Agbárí ni gbogbo èèyàn ń sá fún, wọ́n sì máa ń fojú fo ìràwọ̀ yìí. Ohun tó lè pani kíákíá ni agbárí ń sọ. Ìràwọ̀ ń sọ nípa ohun tó ń fara balẹ̀ jẹ ara: jẹjẹrẹ, àìrọ́mọbí, ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́. Ó wà lára ìgò benzene, kẹ́míkà olómi kan, torí pé ẹni tó bá ń fa á símú fún ìgbà pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Ara ìgò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà ìwé kan máa ń tẹ̀ lé kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, SDS ni wọ́n ń pè é. Ìsọ̀rí 16 ló ní, ètò wọn kì í sì í yí padà: ìtọ́jú ẹni tó fara pa wà ní ìsọ̀rí 4, iná pípa ní 5, ohun tí wọ́n á ṣe bó bá dà sílẹ̀ ní 6, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ní 8. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í ní kí wọ́n há a sórí. Á gbé ìwé náà fún akẹ́kọ̀ọ́, á ní, "Ó ti ta sí ẹnìkejì ẹ lójú o, kí lo máa ṣe?", á sì máa wò ó bó ṣe ń wá a.

Lẹ́yìn kíkà ni ìbéèrè tó wúwo jù wá kàn: ṣé dandan ni kí kẹ́míkà yìí wà níbí rárá? Bí kò bá pọn dandan, kí wọ́n mú un kúrò. Bí ó bá pọn dandan, ṣé èyí tó rọ̀ jù ú lọ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ láàbù ṣe fi tẹmómítà ọlọ́tí rọ́pò ti mẹ́kúrì? Bí kò bá sí arọ́pò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ dá ewu náà dúró. Lẹ́yìn náà ni ìlànà iṣẹ́, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ pátápátá sì ni ìbọ̀wọ́, awò ojú àti kóòtù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń dojú ètò yìí délẹ̀: wọ́n á pín ìbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́, ó parí. Ìbọ̀wọ́ kì í dín agbára kẹ́míkà kù. Bó bá ya, kò tún sí nǹkan kan láàárín rẹ̀ àti awọ ara mọ́.

Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ nílò kó ya. Karen Wetterhahn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místírì ní Dartmouth College, ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ó sì mọ̀ dunjú bí àwọn mẹ́táàlì olóró ṣe ń ba ara jẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1996, nígbà tó ń lo dimethylmercury, kẹ́míkà olómi tó ní mẹ́kúrì nínú, ẹ̀kán díẹ̀ bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ latex (irú rọ́bà kan) tó wọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn nígbà náà ló ṣe. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí àìsàn tó fara hàn, nígbà tí wọ́n sì fi mọ̀ pé mẹ́kúrì ni, ọpọlọ ti bàjẹ́. Ó kú ní oṣù kẹfà 1997, ní ẹni ọdún 48. Wọ́n dán irú ìbọ̀wọ́ yẹn wò, wọ́n rí i pé kẹ́míkà náà ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ó pẹ́ jù. Látìgbà náà, ìbéèrè tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi ara rẹ̀ ni irú ìbọ̀wọ́ wo, fún kẹ́míkà wo, àti fún ìṣẹ́jú mélòó.

Ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ tó kù wà fún. Ẹ jẹ́ ká mú ásíìdì súlfúríìkì, èyí tí wọ́n ń bomi là kó tó di ásíìdì bátìrì ọkọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó omi lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì ti kan omi, ooru ńlá máa ń jáde. Ẹni tó bá da omi lé e, omi náà á léfòó sókè, á hó lójú ẹsẹ̀, á sì máa ta ásíìdì sókè bí ìgbà tí omi bọ́ sínú òróró gbígbóná. Bó bá jẹ́ ásíìdì ló ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, tó ń rò ó, ásíìdì á rì, omi tó pọ̀ á sì gba ooru náà mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò: sódà ni wọ́n ń dà sómi. Fún ojú, sódà tún burú ju ọ̀pọ̀ ásíìdì lọ, torí ó ń sọ ọ̀rá ara di ọṣẹ, á sì máa wọnú lọ.

Bíbọ́ ìbọ̀wọ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á di ìta tọwọ́ kan mú nítòsí ọrùn ọwọ́, wọ́n á bọ́ ọ kí inú rẹ̀ yí sóde, wọ́n á ká a sí àtẹ́lẹwọ́ kejì tó ṣì wọ ìbọ̀wọ́. Ìka tó ti wà lófìfo á wá gba inú ọrùn ìbọ̀wọ́ kejì wọlé, láìkan ìta rẹ̀, á sì yí i bo tàkọ́kọ́. Láwọn ibì kan, wọ́n máa ń fi lúbúlúbú tó ń tàn lábẹ́ iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) pa ìbọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní kó bọ́ ọ, wọ́n á wá tan iná sí ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó ń tàn lára awọ ni ibi tí kẹ́míkà ì bá ti kàn án. Àyẹ̀wò yìí wúlò ju ogún ìbéèrè orí ìwé lọ.

Nípa omi, òfin kúkúrú ni: kí ẹ̀rọ ìfọjú wà níbi tí èèyàn lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n sì fọ ojú fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n fìka la ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ta sí lójú kò ríran, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dijú wá ẹ̀rọ náà kàn láti ìdí tábìlì rẹ̀. Níbi tí omi kì í ti í yọ déédéé, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ láàbù ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ ara ògiri kò tó. Kí àgbá omi mímọ́ tó lè ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 wà nítòsí, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bù ú fọ ife.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ṣe fún láàbù ní 1990 ní kí ẹ̀kọ́ wáyé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé, àti kí ewu tuntun tó wọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń mú ẹ̀kọ́ náà dáa sí i ni ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ sí: ìgò tó yọ lọ́wọ́ tí kò fọ́, páìpù tó ń jò tí ẹnì kan tètè rí. Òṣìṣẹ́ kò ní kọ ọ́ bó bá mọ̀ pé wọ́n á bá òun wí, nítorí náà láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fìyà jẹ ẹni tó bá sọ. Wọ́n á wádìí ìdí tí ìgò náà fi yọ. Bó bá jẹ́ pé orí pákó tó ga ju orí èèyàn lọ ló wà, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú, wọ́n á tún ìlànà kọ, gbogbo ẹni tó ń lo ìgò náà, títí kan ọ̀gá, á sì tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà.