Ohun Tó Ń Pa Ọkọ̀ Lójijì Lójú Ọ̀nà: Àlàyé Crank Sensor

Tí ọkọ̀ yín bá kú lójú ọ̀nà, tó kọ̀ tí kò sítáàtì, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó gba atẹ́gùn díẹ̀, tó wá sítáàtì padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ ra pọ́ǹpù epo; ó lè jẹ́ crank sensor ló fà á. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Iléṣà níbí ti ra pọ́ǹpù, wọ́n ra plug, wọ́n tún ra relay, ọkọ̀ ṣì ń kú. Ó máa ń dùn mí, torí owó tí ò yẹ kó jáde ni.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá irin ńlá kan wà tí àwọn písítìnì ń yí. Òun ni crankshaft. Kẹ̀kẹ́ irin eléyín kan máa ń bá a yí, wọ́n sì sábà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ eyín kan tàbí méjì lára rẹ̀. Crank sensor jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí láìfara kàn án. Àlàfo àárín wọn sábà máa ń tó bíi mílímítà kan. Bí eyín bá ṣe ń kọjá ni sensor ń ránṣẹ́ sí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì; ibi tí eyín ti sọnù ni brain box sì fi ń mọ ibi tí písítìnì dé. Onígángan àti oníjó ni wọ́n: bí ìlù bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ò ní mọ ibi tó máa tẹ̀. Brain box ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tan iná plug, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tú epo. Yóò pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ooru ló máa ń tú àṣírí sensor tó ti gbó. Nínú èyí tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká jọ ló wà níbẹ̀. Tí wáyà yẹn bá ti ṣán níbì kan, bó bá gbóná, á yanu. Bó bá tutù, á tún fara kanra. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan fi lè lọ sí Ifẹ̀ láàárọ̀ kó dé láyọ̀, kó wá kú lọ́sàn-án lórí òkè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè lẹ́yìn Ìwàràjà. Kí mẹkáníìkì tó dé, ó ti tutù. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, á sítáàtì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, kò mà sí nǹkan tó ṣe é o."

Nítorí náà, ìgbà tó kú gan-an ni kí ẹ wò ó. Kí sítátà máa yí ẹ́ńjìnnì, kí ojú yín wà lára aago RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí. Tí ọwọ́ aago náà bá lẹ̀ mọ́ òdo tí kò mì rárá, ẹ fura sí crank sensor, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni aago rẹ̀ ń mì nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sẹ́yìn ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù epo máa ń kùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pọ́ǹpù ló fà á.

Bí ọkọ̀ ṣe kú náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tí pọ́ǹpù ń dà láàmú sábà máa ń kọ́kọ́ já, kó máa fà, kó rẹ̀ ẹ́ lórí òkè. Èyí tó ń kú nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìdọ̀tí inú throttle, ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá lọ pátápátá, ẹ lọ di orí bátìrì.

Ohun tó ká mi lára jù ni ẹ̀mí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sìtíárìnì á le, bíréèkì á sì ku agbára ìtẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ rárá, torí sìtíárìnì lè há. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí tírélà tó bá yín.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rìwáyà, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ skáànù brain box kó tó tú orí bátìrì, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, títú u máa ń pa ohun tí brain box kọ sílẹ̀ rẹ́. Nínú àwọn nọ́ńbà àṣìṣe tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde, P0335 ló ń tọ́ka sí ọ̀nà crank sensor. Mo ní ọ̀nà rẹ̀, torí wáyà tó bó tàbí orí wáyà tí ọ́ìlì wọ̀ lè gbé nọ́ńbà kan náà jáde. Nígbà míì sì rèé, nọ́ńbà kankan ò ní jáde. Rìwáyà tó mọṣẹ́ á fi ooru mú sensor náà gbóná díẹ̀díẹ̀, kó máa fi mítà wọ̀n ọ́n.

Èmi ò fọwọ́ sí sensor tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì míì. Ó lè ti gbó bí èyí tó wà lára ọkọ̀ yín. Ẹ ra tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán, ẹ wa ọkọ̀ náà gun òkè títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ pa á, kí ẹ sì tún un sítáàtì níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.