Bí Náítíréètì Inú Bíìtírúùtù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ara

Àwọ̀ pupa gbòǹgbò bíìtírúùtù, tó máa ń kun ọwọ́ àti pákó tí a fi gé e, ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fi kún ara. Bẹ́tánìnì ni àwọ̀ náà ń jẹ́, kò sì ní irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nínú rárá. Irin tó wà nínú gíráàmù 100 gbòǹgbò náà ní tútù kò tó mìlígíráàmù kan. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ ọn: fóléètì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan á bá omi lọ tí a bá sè é.

Náítíréètì, èròjà tí ohun ọ̀gbìn ń fà láti inú ilẹ̀, ni àwọn eléré ìdárayá ń wá nínú rẹ̀ ní tiwọn. Nígbà tí a bá gbé e mì, ìfun á fà á sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ tó ń pèsè itọ́ á ṣa bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jọ, wọ́n á sì tú u padà sí ẹnu. Níbẹ̀ ni àwọn bakitéríà tó ń gbé lẹ́yìn ahọ́n ti ń yọ ẹyọ ọ́síjìn kan kúrò lára rẹ̀, tí á fi di náítíráìtì, iṣẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá ṣe. Bí a bá tún gbé itọ́ yẹn mì, náítíráìtì á wọ ẹ̀jẹ̀, á sì di náítíríìkì ọ́ksáìdì, gáàsì tó ń mú kí iṣan tó yí òpó ẹ̀jẹ̀ ká dẹ̀, kí òpó náà gbòòrò, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwárí nípa iṣẹ́ gáàsì yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Furchgott, Ignarro àti Murad gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998.

Nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni náítíréètì ti ń padà sí ẹnu, kápúsù bíìtírúùtù tí kò kan ahọ́n náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oògùn apakòkòrò yọ ẹnu lè mu ún kí ipa rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìrìn àjò yìí máa ń gba àkókò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mu ún ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré.

Ìyẹ̀fun bíìtírúùtù tí wọ́n ń tà nínú agolo jẹ́ gbòǹgbò tí a ti gba omi lára rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ sì ti ki nìyẹn. Náítíréètì inú rẹ̀ kì í dọ́gba, torí ilẹ̀ àti ajílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Agolo tí kò kọ iye mìlígíráàmù náítíréètì sára kò tíì sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń wá 300 sí 600 tí àwọn eléré ń lò. Èròjà kan tó ń jẹ́ ọ́ksáléètì náà wà níbẹ̀, èyí tó lè dá kún òkúta inú kíndìnrín fún ẹni tó ti ń ní in. Ní ti ìtọ̀ tó máa ń pọ́n lára àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́, bẹ́tánìnì tí kò dà nínú wọn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.